Ẹ̀bẹ̀ Tí Sàlíhù Bẹ̀ fún Ọmọ Rẹ̀

"Wọ́n ní kí ẹ sọ èrò yín nípa olùkọ́ yín, ìwọ náà sì sọ ọ́?" Sàlíhù ju igi tó fi ń wọn aṣọ sórí àtẹ. "Ràmílátù, o láyà o!"

"Bàbá, kò sórúkọ níbẹ̀. C'est anonyme. Gbogbo kíláàsì ló kọ tiwọn."

"Kí lo kọ?"

"Pé ọdún kan gbáko la fi kọ́ base de données, bí wọ́n ṣe ń to ìsọfúnni sínú kọ̀ǹpútà, a ò sì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Orí pátákó ni Monsieur Brou ń yà á sí. Ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ wà ní bureau rẹ̀, eré káàdì ló fi ń ta."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n òótọ́ dọ́jà ó kùtà, Sàlíhù tó sì ti ń ta aṣọ ní Treichville nílùú Abidjan láti ìgbà èwe mọ ohun tí kì í tà. Ọmọ rẹ̀ ń tún ọdún kìíní ṣe ní yunifásítì. Bó bá fìdí rẹmi lọ́tẹ̀ yìí, lílé ni wọn yóò lé e. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti bí bàbá yìí, ọmọ tó bá fẹnu kan olùkọ́, bàbá rẹ̀ ní í mú un lọ bẹ̀bẹ̀ kí olófòófó tó débẹ̀. Bí àgbà bá sì ti ní kí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ dìde, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kò mọ̀ pé èmi ni!"

"Yóò mọ̀. Ògiri létí. Yọ bazin yẹn wá, èyí tó dára jù."

Owó CFA ṣẹ̀ṣẹ̀ já wálẹ̀ lọ́dún náà, aṣọ bazin sì ti di ọ̀wọ́n gógó.

Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Brou ṣí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Àdìpọ̀ ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ èrò wọn sí ló fi há a kí afẹ́fẹ́ má baà tì í. Brou kò tíì tú okùn ara wọn rárá. Káàdì ló ń ta lórí kọ̀ǹpútà.

Sàlíhù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. Faransé ọjà ló gbọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti fi ba ayé ọmọ jẹ́.

"Patron, pardon. C'est ma fille. Elle a mal écrit sur toi. Pardon." Ó ní ọmọ òun ló kọ ohun tí kò dáa nípa rẹ̀, kó dárí jì í.

Brou wo àdìpọ̀ ìwé, ó wo Ràmílátù tó kúnlẹ̀. "Ah bon? Kí lo kọ?"

"Sọ fún un," ni bàbá rẹ̀ wí.

Ó rò ó tẹkúntẹkún, títí kan ti káàdì. Brou rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fa bàbá náà dìde, ó ní, "Allez, le vieux, c'est fini." Ó gba bazin.

"Ṣé o rí i?" Inú Sàlíhù ń dùn nínú takisí. "Ọmọlúàbí ni. Ó ní ó ti tán."

Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, méjì nínú ogún ni Brou fún Ràmílátù. Àwọn tó kọ ohun kan náà, tí bàbá wọn ò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, yege wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n lé e kúrò ní yunifásítì.

"Ṣùgbọ́n ó ní kí n dìde," ni Sàlíhù ń wí ṣáá. "Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló fà mí dìde."

Ràmílátù kórìíra àwọn méjèèjì, ó sì kórìíra bàbá rẹ̀ jù.

Nígbà tí Kérésì ń bọ̀, Brou yà sí ìsọ̀ wọn, bazin ọjọ́sí lọ́rùn rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun fẹ́ irú rẹ̀. Ràmílátù, tó ti di ọlọ́jà báyìí, wọn aṣọ, ó gé e, ó ká a.

Sàlíhù sún mọ́ ọn. "Patron, et ma fille?"

"Ọmọ wo?" ni Brou bi í, ó sì na ọwọ́ gba aṣọ lọ́wọ́ Ràmílátù.