Àtàǹpàkò Màámi

Èmi Waliyat ni akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka tiwa ní Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò sì ní tijú láti sọ pé mo mọ iṣẹ́ náà. Tí mo bá ní aago méjì ni ìpàdé, ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́ máa gbọ́ tẹnu mi. Wọ́n ní ẹnu mi mú. Ẹnu tí kò mú kò lè kó olùkọ́ jọ.

Nígbà tí ìdìbò ń bọ̀, ẹgbẹ́ pinnu pé a ò ní káwọ́ gbera mọ́. Ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́fà ló wà nínú kíláàsì mi, èmi nìkan sì ni olùkọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì, Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá, ń du ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lágbègbè wa, ó sì ti fọwọ́ síwèé níwájú gbogbo wa pé ọ̀rọ̀ gbígba olùkọ́ síṣẹ́ ni òun máa kọ́kọ́ gbé dìde. A ní òun la máa dìbò fún. Àfi ìgbà tá a jókòó ka ara wa, tá a rí i pé káàdì ìdìbò bí ìdajì wa ni kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹlòmíràn gba tiẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ẹlòmíràn ní Ṣakí, níbi tí wọ́n ti bí wọn. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ìdìbò kì í ṣe ọjọ́ tí mọ́tò ń rìn. Olùkọ́ tó ń gbé Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí káàdì rẹ̀ wà ní Ṣakí, kò wúlò fún Dáramọ́lá.

Bí mo ṣe gbé iṣẹ́ náà lérí nìyẹn. Mo ń lọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn, mo ń sọ ọ́ títí ohùn mi fi há: "Ẹ lọ gbé káàdì yín wá síbi tí ẹ̀ ń gbé. Ọwọ́ yín ni ìbò yín wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín dì í."

Ní ìpàdé Ọjọ́bọ̀ kan, Ọlọ́runnísọ̀lá tó ń kọ́ni ní ìṣirò dìde. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, káàdì tiyín ńkọ́? Ibo ló wà?"

Mi ò lè purọ́. Mo ní, "Ọ̀yọ́ ni."

Ọlọ́runnísọ̀lá ò tiẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ti ètò náà pa. Bí ẹ̀yin ò bá ṣe tíránsífà tiyín, èmi náà ò ní ṣe tèmi." Mo rí bí orí méje, mẹ́jọ ṣe ń mì lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Màámi ni. Mọ̀ríámọ̀ lorúkọ wọn, ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán ni wọ́n ń gbé ní Ọ̀yọ́, ojú wọn sì ti ń ṣe bàìbàì láti bí ọdún mẹ́jọ. Òfin gbà kí ẹni tí kò ríran dáadáa mú ẹni tó bá wù ú dání lọ dìbò. Ìdìbò méjì ni a ti jọ ṣe bẹ́ẹ̀, tí mo ń mú àtàǹpàkò wọn lọ sórí ìwé. Bí mo bá gbé káàdì mi kúrò ní Ọ̀yọ́, mo rò pé Màámi ò ní dìbò mọ́ láyé nìyẹn. Ìdìbò sì ni ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì máa ń múra dáadáa jáde lọ ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń fi ọwọ́ wá òkúta inú ẹ̀wà.

"Ẹ kú ìjókòó, Màámi."

"Waliyat. Kí ló ṣe ọ́? Ohùn rẹ ò já geere."

Mo rò ó fún wọn látòkè délẹ̀. Mo ti to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

"Gbé káàdì rẹ lọ," wọ́n ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mojísọ́lá ni màá mú dání."

Mojísọ́lá ni ìyàwó káfíńtà tó gba yàrá iwájú nílé wa. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ẹgbẹ́ òṣèlú tí mi ò fẹ́ rí sójú ló ń bá kiri.

"Mojísọ́lá kẹ̀? Màámi, ṣé ẹ mọ ẹgbẹ́ tó ń ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti ní òun máa ka gbogbo ẹgbẹ́ tó wà nínú ìwé fún mi, kí n tó mú. Ìwọ, nígbà tá a lọ kẹ́yìn, mo bi ọ́ pé ibo lo gbé ọwọ́ mi lé. Kí lo fi dá mi lóhùn?"

Mo rántí. Mo ní, "Mo ní ibi tó dáa ni."

"Ibi tó dáa ni." Kò sí ìbínú lóhùn wọn. "Ojú mi ni ò ríran, Waliyat. Mo ṣì mọ ẹni tí mo fẹ́."

Ojú gbà mí tì. Èmi tí mò ń pariwo kiri pé kí ẹnikẹ́ni má báni dìbò, ìbò méjì ni mo ti ń dì ní Ọ̀yọ́, mo sì ń pè é ní ìtọ́jú ìyá. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, kí n bá àwọn ṣa ẹ̀wà tó kù.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ ṣe tíránsífà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Ọlọ́runnísọ̀lá àti àwọn tó ń mi orí lẹ́yìn rẹ̀ lọ ṣe tiwọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, mo pe Màámi lórí fóònù. Wọ́n ti dìbò, wọ́n ti padà sílé.

"Ta lẹ dì í fún?" Ó ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

"Èmi àti Mojísọ́lá la mọ ìyẹn," wọ́n ní, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo lọ tò sórí ìlà. Iwájú mi ni Àlàájì Israfil wà, bàbá tó ń ta àlùbọ́sà ní Sábó, tí ojú wọn ti di funfun. Òṣìṣẹ́ ìdìbò bi wọ́n pé ta ló máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ti dá ohùn mi mọ̀ nígbà tí mo kí wọn, wọ́n nawọ́ sẹ́yìn sí mi. "Tíṣà yìí ni. Ó kọ́ ọmọ-ọmọ mi níwèé." Ọlọ́runnísọ̀lá tó wà lẹ́yìn mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìbò kan ti kún tiwa nìyẹn, lójú tiẹ̀.

Nígbà tó kan ìwé ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, mo rọra ka gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú náà sí wọn létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí ẹgbẹ́ Dáramọ́lá, mo kà á bí mo ṣe ka àwọn yòókù.

"Ìkẹta yẹn," Àlàájì ní.

Ìkẹta ni ẹgbẹ́ tí mo ti fi gbogbo ẹnu mi bá jà. Mo tún un kà fún wọn kó lè dá wọn lójú. Wọ́n ní òun náà ni. Mo rántí àwọn ọmọ kíláàsì mi tó ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wò wá. Bàbá náà ò lè rí ibi tí mo bá gbé ọwọ́ wọn lé.

Mo mú àtàǹpàkò wọn, mo fi kan tàdáwà, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìkẹta. Lẹ́yìn náà mo dì wọ́n lápá mú lọ síbi àpótí.