Imú Ọmọ Tí Ìyá Mọ̀ríámọ̀ Fà

Nígbà náà, Alájì Kàsímù ṣì wà láyé. Ìyá Mọ̀ríámọ̀ tó bí i náà wà, ara rẹ̀ le koko. Gbogbo àdúgbò Old Market ló mọ̀ ọ́n: bí òfìnkìn bá dí ọmọ ọwọ́ nímú, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá. Á fẹnu fa ikun náà, á tu ú dànù, á fi omi fọ ẹnu, ọmọ á sì mí kanlẹ̀.

Kàrímọ́tù ìyàwó Alájì ò rí ohun tó burú níbẹ̀, àfìgbà tí Ṣàmsíátù ọmọ rẹ̀ bí ọmọ kejì. Ṣàmsíátù ń tọ́jú eku funfun níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí àìsàn ọmọdé.

"Ìyá àgbà, ẹ má fẹnu fa imú ọmọ mi o. A kó òfìnkìn ran ìyá eku kan, ó kàn ń sín lásán ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló kú."

"Èmi wá deku?"

"Ẹ ò deku, Ìyá àgbà. Òmíràn tún wà, ọmọ eku la kó o ràn. Ìyá rẹ̀ lá a nímú, àìsàn bá dá ìyá náà wó."

"Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí mo fa ikun imú rẹ̀ títí ó fi dàgbà ló ń fi eku bá mi wí!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, Kàrímọ́tù gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ni Ìyá ń jókòó sí, tí yóò máa nàgà wo ọmọ bí àlejò. Ó ń dun Kàrímọ́tù, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ọmọ ló ń rò.

Kò pẹ́ tí Ṣàmsíátù padà sẹ́nu iṣẹ́, tó ń fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún Kàrímọ́tù, ni Uwais, àkọ́bí rẹ̀, gbé òfìnkìn bọ̀ láti jéléósinmi. Ó fẹnu ko àbúrò rẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tó yá, imú ọmọ dí pátápátá, kò lè mu wàrà, àyà rẹ̀ ń wọnú bó ti ń mí. Alájì sáré wá kẹ̀kẹ́ Márúwá tí yóò gbé wọn dé ọsibítù lọ, òjò sì ti lé gbogbo kẹ̀kẹ́ kúrò lójú títì.

Kàrímọ́tù gbé ọmọ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, ẹ gbà á."

Ìyá gbà á. Ó fa ihò kan, ó tu ú, ó fa èkejì. Ọmọ ké.

Wọ́n rí kẹ̀kẹ́ níkẹyìn. Ní ọsibítù, wọ́n fi rọ́bà atẹ́gùn sí i nímú, ọmọ yè. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e délé, Ṣàmsíátù kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. Ìyá lanu kó dáhùn, ikọ́ gbé e, kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Kàrímọ́tù rántí ìyá eku tó lá ọmọ rẹ̀ nímú. Wọ́n ti ń ṣọ́ ọmọ nítorí Ìyá; kò sẹ́ni tó ṣọ́ Ìyá nítorí ọmọ.

Wọ́n gbé Ìyá náà lọ sí ọsibítù. Ohun kan ṣoṣo ló ń bi Kàrímọ́tù: "Ṣé imú ọmọ ṣì là?"

"Ó là, Ìyá."

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Ìyá kú, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun.