Ẹran Ẹni Méjì

Ọjọ́ tí mo kó ẹrù mi kúrò nílé Mu-yeol, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun ló ń wù mí jẹ. Ẹ̀rín ọkùnrin yẹn ti yọ́ ọkàn mi bí òrí inú oòrùn rí, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ náà ti mọ ojú mi. Mo búra pé n kò ní padà, bí yóò tilẹ̀ pa mí.

Ní ìlú Busan wa, ilé ẹlẹ́ran kì í sun ẹran tó jẹ́ ti ẹnì kan péré. Mo jókòó, mo ké: "Imo, yeogiyo! Ibí o! Ẹ fún mi ní ẹran ẹni méjì."

Imo, ìyẹn arábìnrin ìyá ẹni, ni gbogbo wa ń pe obìnrin tó bá ń ta oúnjẹ, a ì báà má mọ orúkọ rẹ̀. Ó gbé iná èédú wá, ó gbé ọtí kalẹ̀, ó to ife méjì.

Ọ̀rá ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta sínú iná ni Mu-yeol wọlé. Kò wo ojú mi. Ife kejì ló ń wò.

"Serin, ta lò ń dúró dè?"

"Kò sẹ́ni kankan. Ṣé o ò mọ̀ pé wọn kì í ta ti ẹnì kan ni?"

"Irọ́! Àlè rẹ dà?"

Ọmọ Busan ni, ó mọ̀ ọ́n dájú. Owú ló di í lójú. Ó fọ́ mi létí, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi. Ó wá irun mi mú, ó ń tẹ orí mi lọ sórí iná.

"Dìde, à ń lọ sílé!"

Irun mi ti ń jó. Àwọn tó ń jẹun kàn ń wò. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wá sí mi lẹ́nu.

"Imo! Imo, yeogiyo!"

"Mò ń bọ̀, ọmọ mi!"

Imo gbé ẹ̀mú tó fi ń kó èédú wá, iná ti mú irin rẹ̀ pọ́n bí ojú ejò.

"Ìyá arúgbó, kí ló kàn ọ́? Ṣé ìwọ lo bí i?" Mu-yeol gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu.

Imo ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kò ṣubú. "Ṣé etí rẹ di ni? O ò gbọ́ ohun tó ń pè mí?"

Ó fi ẹ̀mú náà há ọwọ́ tó di irun mi mú. Mu-yeol ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń dúńbú. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sá jáde, òórùn ẹran ara rẹ̀ sì kù sínú ilé.

Imo nu ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀, ó yí ẹran padà kó má jóná, ó wá jókòó síwájú mi. Ó na ife kejì sí mi.

"Bu ọtí fún mi, ọmọ mi. Ẹnì kan kì í bu tiẹ̀ fúnra rẹ̀."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bù ú fún un. Mo wá pín ẹran ẹni méjì náà sí ọ̀nà méjì.