Ọ́ìlì Bàálù Mátíù

Ìṣẹ́jú méje. Bí ẹ́ńjìnnì náà bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú méje, ọwọ́ géèjì tó ń wọn ooru ọ́ìlì á ti wọ ojú pupa, Mátíù á sì pa á. Ọdún kẹta rèé tí kò kọjá bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀ ló ti ń kan bàálù kékeré yìí sí ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Páìpù àti tapólì ni ara rẹ̀, àga kan ṣoṣo ló ní, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìjàpá ló sì wà nímú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti parí. Ọ́ìlì nìkan ni kò gbà. Bí ọ́ìlì bá gbóná jù, á ṣàn bí omi lásán, irin á máa jẹ irin, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Bí mọ́tò bá kú lójú títì, èèyàn á bọ́ sílẹ̀, á tì í. Ta ni yóò ti bàálù lójú sánmà?

Àkókò kò sì dúró. Dókítà tó yẹ ojú rẹ̀ wò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti sọ òótọ́ fún un: ojú òsì ti lọ, ti ọ̀tún ń tẹ̀ lé e. Bí kò bá fò lọ́dún yìí, kò ní fò mọ́.

"Bàbá Tolúwalàṣẹ, ẹ jẹun," ni Àbíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Bàálù ò ní sá lọ. Ká ní ó mọ̀ ọ́n sá ni, inú mi ì bá dùn."

Oúnjẹ náà ló ń jẹ tí Mùílì fi dé. Òun àti Mùílì jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà nígbà èwe, kí Mùílì tó lọ dá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń jó rédíétọ̀ sílẹ̀ ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́. Rédíétọ̀ mẹ́ta tó yẹ kó máa mú ọ́ìlì tutù ló ti ṣe fún bàálù yìí, ìkan ń tóbi jùkan lọ, awakọ̀ ló sì ń bá a gbé wọn wá. Ìkẹrin ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá yìí, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn àgò adìyẹ.

"Ẹ kúulé, Bọ̀ọ̀dá Mátíù. Ẹ kú ìforítì."

"O kú ọ̀nà, Mùílì. Ṣé èyí ò ní wúwo ju bàálù lọ báyìí?"

"Bó bá wúwo jù, ẹ bọ́ sílẹ̀, kó máa dá fò."

Kí wọ́n tó tú ti tẹ́lẹ̀, Mùílì ní kó tan ẹ́ńjìnnì kí òun fetí ara òun gbọ́ ọ. Wọ́n so ìrù bàálù mọ́ igi máńgòrò, Mátíù sì tan án. Ìṣẹ́jú méje pé, ó pa á. Mùílì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé rédíétọ̀. Kò gbé e kúrò.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá fọwọ́ kàn án."

"Kí n fọwọ́ kan iná?"

"Ẹ ṣáà wá."

Mátíù fọwọ́ kàn án. Ó tutù bí ara àmù.

"Ọ́ìlì ò dé ibí rí," ni Mùílì wí. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń jó irin fún yín, kò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Kí lẹ yọ?"

"Mi ò yọ nǹkan kan."

"Bọ̀ọ̀dá."

"Tẹ́mósítáàtì nìkan. Ìyẹn náà nǹkan ni?"

Mùílì mi orí, nítorí òun náà ì bá yọ ọ́. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, bí mọ́tò bá ti ń gbóná, tẹ́mósítáàtì ni mẹkáníìkì kọ́kọ́ ń yọ sọnù. Ọ̀gá wọn ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀: ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ṣe é fún, kí ló ń wá níbí? Nínú mọ́tò tí omi ń mú tutù, ojú ọ̀nà omi ló dúró sí, á dí i títí omi yóò fi gbóná. Ẹni tó yọ ọ́ la ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ọ́ìlì yìí ní, èyí tó kúrú padà sínú ẹ́ńjìnnì, àti èyí tó gùn gba inú rédíétọ̀. Bí ọ́ìlì bá gbóná, tẹ́mósítáàtì á wú, á sì dí ọ̀nà kúkúrú pa. Ohun tó ń dí i gan-an ni Mátíù yọ.

"Ta ló máa gba Ìsẹ́yìn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ọ̀nà tààrà ṣí sílẹ̀?" ni Mùílì wí. "Ọ́ìlì náà gbọ́n."

Mátíù jókòó lórí táyà. Inú kò bí i. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Lọ́jọ́ tó yọ nǹkan yìí, ojú rẹ̀ méjèèjì ń ríran.

"Ṣé ẹ jù ú nù?"

"Mẹkáníìkì wo ló ń ju nǹkan nù?"

Inú agolo mílíìkì tó kún fún nọ́ọ̀tì ló wà. Àbíkẹ́ ló bá a wá a rí. Wọ́n sè é nínú omi lórí ààrò rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń wú. Ó wú. Wọ́n dá a padà, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Ìṣẹ́jú méje kọjá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá. Ní ọgbọ̀n, ọwọ́ géèjì kò tíì sún mọ́ pupa. Mùílì fọwọ́ kan rédíétọ̀, ó fà á padà kíá.

"Ó jó mi," ló wí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́. "Alhamdulilahi."

Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n tú apá bàálù, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ sí pápá kan ní Ìkòyí-Ilé, wọ́n sì tò ó padà. Mátíù wọ inú rẹ̀, ó gbàdúrà díẹ̀, ó sì tẹná mọ́ ọn. Eruku sọ. Ara bàálù ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n, ìgbà tó yá, kò gbọ̀n mọ́. Koríko ti wà nísàlẹ̀. Ó wo géèjì, ọ́ìlì tutù. Ó wo iwájú, níbi tó mọ̀ pé igi òrí tò sí ní òpin pápá. Kò rí igi kankan. Nǹkan bí èéfín ló rí.

Ó rọra dín iná kù. Bàálù balẹ̀, ó ta lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró.

Mùílì sáré dé, ó ń mí hẹlẹ. "Kí ló dé? Ṣé ó tún gbóná ni?"

"Kò gbóná."

"Ẹ́ńjìnnì ńkọ́?"

"Kò sóhun tó ṣe é."

Mùílì wo ojú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lábẹ́ apá bàálù, Mátíù náà jókòó tì í.

"Báwo ló ṣe ga tó?" ni Mátíù bi í.

"Tó òrùlé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

"Irọ́ lò ń pa. Kò ga ju abà lọ."

"Abà ńlá ni, Bọ̀ọ̀dá."

Wọ́n sinmi fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, Mátíù mú sípánà, Mùílì bá a di apá kan mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u kí wọ́n lè gbé bàálù padà sílé.