Gèlè Ìjà Kì Í Ṣe Ti Eré

Ohun kan ṣoṣo ni Mosúnmọ́lá bẹ ìyá rẹ̀ àgbà, Àlímátù aláró, láti ṣe níwájú kámẹ́rà: kó já gèlè kúrò lórí, kó dì í mọ́ ìbàdí, bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti ṣe nígbà tí wọ́n kọ owó orí. Fíìmù tó ń ṣe lórí ìwọ́de ní Abẹ́òkúta, láti ayé ìyá dé ayé ọmọ, kù díẹ̀ kó parí. Àwọn tó ń náwó sí i ti kìlọ̀ fún un pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan làwọn fẹ́. Bó bá fi lè kan ìjọba òní pẹ́nrẹ́n, fíìmù kú nìyẹn.

Màmá wò ó. "Ṣé kí n dì í lóòótọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Kámẹ́rà ti ń ṣiṣẹ́."

Màmá dì í, ó fún un le, ó sì bọ́ síta.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ? A ti yà á tán."

"Ìwọ lo ní kí n di gèlè ìjà. A kì í tú u láìjà. Ṣebí káńsù ní ká kó ìkòkò aró wa kúrò l'Ówu kó tó di Jímọ̀?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó mọ́. Ọmọ Ẹ̀gbá sì ni Mosúnmọ́lá, ó yẹ kó ti mọ̀.

Mọ̀nsúrát, aláró bíi ti Màmá, tí aró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, rí gèlè ní ìbàdí Màmá. Òun náà já gèlè tirẹ̀, ó dì í mọ́ ìbàdí. Beatrice, tóun náà jẹ́ aláró, fi aṣọ tó ń sá sílẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Kí wọ́n tó dé ẹnu géètì káńsù, obìnrin ti kún títì. Mosúnmọ́lá ń sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú kámẹ́rà. Ẹ̀rù ń bà á, orí rẹ̀ sì ń wú.

Ọ̀gá káńsù kan jáde sí wọn, àwọn ọlọ́pàá tẹ̀ lé e. Ó rí kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín.

"Háà, fíìmù ni! Ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹtí, ẹ ṣáà sọ fún mi pé eré ni, kí n ní kí àwọn ọlọ́pàá máa lọ."

Gbogbo obìnrin yíjú sí Mosúnmọ́lá. Bó bá ní eré ni, fíìmù rẹ̀ yè, ìkòkò wọn sì lọ.

Ó gbé kámẹ́rà sún mọ́ ojú ọkùnrin náà.

"Kì í ṣe eré, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ yín àti ipò yín, kí ẹ wá sọ ohun tí ìkòkò wọn fi ṣẹ̀ yín."