Òbúkọ Tó Jẹ Ewé Ojú Títì

Ẹ jókòó dáadáa, àlá tí mo lá mọ́júmọ́ òní kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró.

Mo bá ara mi ní títì Ìwéré. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi Láwuyì ti dojú délẹ̀, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí lókè. Ẹ̀gbọ́n mi há sínú rẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún èèyàn ti pé. "Fà á jáde! Ẹ bu omi fún un!" Omi tí wọ́n gbé dání tó odò Ògùn.

Mọ́tò fúnra rẹ̀ wúkọ́. Ó ní, "Ládélé, má fà á o. Ọrùn rẹ̀ ti yẹ̀. Pa ẹ́ńjìnnì mi ná, kí o ṣẹ́ ewé sẹ́yìn wa, kí ẹlòmíràn má baà wá kọ lù wá."

Mo ní ó ṣeun. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo ṣẹ́ ewé, mo tò ó sójú títì títí n kò fi rí mọ́tò mọ́. Mo wá tẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó láago. Ọ́fíìsì wọn ló fò wá, tòun ti tábìlì, ó dúró lókè orí wa bí ìkùukùu. Ọ̀gá kan yọjú lójú fèrèsé.

"Lẹ́tà yín dà?"

"Áńbúláǹsì la fẹ́, sà."

"Ẹ̀dà mẹ́ta ni lẹ́tà náà."

Ó bọ́ sílẹ̀ wá wo ewé mi. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kanlẹ̀ ló di òbúkọ, fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ewé náà. Mo ní, "Ẹ kú oúnjẹ, sà." Kí ni n bá tún sọ? Ọ̀gá ni.

Mo rá pálá wọ inú mọ́tò tọ ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kó má baà mì.

"Ládélé, òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí dókítà dé."

"Ìwọ lo fún mi lómi lọ́dún yẹn tí mọ́tò mi dojú dé."

"Èmi ni."

"Ìwọ lo fi apá fà mí jáde."

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò pé mò ń gbà yín là ni."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo mọ̀. Má ṣáà jù mí sílẹ̀ lónìí."

Mo gbọ́ tí tírélà ń bú bọ̀. Ewé ku ẹyọ kan. Òbúkọ na ọrùn sí i.

Ni mo bá jí. Ìrọ̀rí ni mo fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Lẹ́yìn fèrèsé, ewúrẹ́ ilé wa dúró lórí sàréè ẹ̀gbọ́n mi, ó ń jẹ ewé tó hù síbẹ̀. N kò lè lé e. Ọwọ́ mi kò tíì kúrò lára ìrọ̀rí.