Iwin Tó Ki Ẹsẹ̀ Bọ Omi Gbígbóná

Ìtàn iwin tó ń gbé abẹ́ ilé ìṣeré, ta ni kò tíì sọ ọ́? Wọ́n ti fi ṣe orin, wọ́n ti fi ṣe ijó, wọ́n ti fi ṣe sinimá tí kò lóhùn àti èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Mo rí i rí nínú ìwé aláwòrán àwọn ọmọdé, níbi tí wọ́n ti sọ iwin náà di ológbò. Kò sí ibi tó dé tí wọn kì í pààrọ̀ ojú rẹ̀. Níbì kan, iná ló jó o. Níbòmíràn, àìsàn ló bà á jẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe bí i. Ohun tí kì í yí padà ni pé ọkùnrin kan fi ojú pamọ́, ó ń kọrin lábẹ́ ilẹ̀, ọmọbìnrin kan sì ń gbọ́ ọ lókè. Èmi tí mo jẹ́ aránṣọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: ta ló ń bá a fọ kóòtù dúdú gbọọrọ yẹn? Ẹni tó ń gbé etí adágún lábẹ́ ilẹ̀, tí kóòtù rẹ̀ kì í rùn, onítọ̀hún níyàwó nílé.

Nínú ẹgbẹ́ òṣèré tiwa, èmi ni mò ń fọ̀ ọ́.

Iwin tiwa, èèyàn méjì ni. Ẹni tí àwọn òǹwòran ń rí ni Arẹwà. Àwa la fún un lórúkọ yẹn, kò sì bá wa jiyàn rí. Ó ga, kóòtù gbà á léjìká dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá yanu kọrin, ẹ ó rò pé wọ́n tẹ ewúrẹ́ nírù ni. Ẹni tó ni ohùn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gan-an. Abẹ́ pèpéle ló máa ń jókòó sí, lábẹ́ àga iwin, níbi tí Ọ̀gá wa ti lu ihò sí pákó kí ohùn lè gbabẹ̀ jáde. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló máa ń wọ̀, á sì ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ bàsíà omi gbígbóná. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa ṣe máa ń wo ikọ́ rẹ̀ sàn ní kékeré, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé àtẹ́lẹsẹ̀ kọ́ ni ọ̀fun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé e débẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n mi kò burú. Ká ní ó burú ni, ìyẹn ì bá sàn. Ojú náà ń pani lẹ́rìn-ín ni. Imú kọrí sọ́tùn-ún, irun ojú kan ń gòkè bí èkejì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bí orin bá sì dé ibi tó dunni jù, gbogbo rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde sórí pèpéle, orin arò ìyá tó kú ló kọ, ìyá tiwa gan-an. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan já bọ́ lórí àga. Láti ìgbà náà ló ti wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ. Ó ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá tún fi ojú òun rẹ́rìn-ín nígbà tí òun ń kọrin, ọjọ́ náà lòun fi orin sílẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ṣàwàdà. Èmi alára, bó bá ń kọrin nínú ilé, abẹ́rẹ́ mi ni mo máa ń tẹjú mọ́.

Ìgbà tó yá ni Ọ̀gá mú Olórin wá láti ẹgbẹ́ mìíràn, obìnrin tí ohùn rẹ̀ mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Wọn kò sọ àṣírí ihò fún un. Wọ́n ní Arẹwà kì í bá èèyàn ṣe ìdánrawò torí pé ó ń tọ́jú ohùn. Arẹwà náà á kàn fọwọ́ kan ọ̀fun, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Bó ṣe ń fẹ́ ẹ sọ́nà nìyẹn. Mo ti rí ọkùnrin tó fi irọ́ fẹ́ ìyàwó, n kò tíì rí èyí tó fi ẹnu dídì fẹ́ ẹ.

"Àǹtí," Olórin wí níjọ́ kan tí mò ń wọn ìbàdí rẹ̀, "tí ohùn yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ibi tó kàn mí. Ẹni tó ń kọrin báyẹn, ó mọ ohun tí ìbànújẹ́ jẹ́."

"Arẹwà?" mo ní. "Dígí nìkan ló mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà máa bú u. Ó ti fi òrùka hàn mí. Mo ní kó jẹ́ ká ṣe eré tí wọ́n pè wá sí ní rédíò tán, ọjọ́ náà gan-an ni màá fún un lésì."

Abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́.

Ìdí ni pé ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn obìnrin yìí débi tí oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Wọn kò fojú kan ara wọn rí, ṣùgbọ́n kò sí ìrìn Olórin tí kò mọ̀, torí pé lókè orí rẹ̀ ló ti ń rìn. Ó ti ní kí n yẹ gìgísẹ̀ bàtà ọ̀tún Olórin wò rí, pé ìṣó ń tú níbẹ̀, kó má lọ ṣubú. Mo wò ó, òótọ́ ni. Mo gbé e fún oníbàtà, ó kàn án. Nígbà tí Olórin bi mí pé ta ló rí i, mo ní iwin ni.

Mo délé, mo ròyìn òrùka. "Ẹ lọ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ ni ohùn," mo ní.

"Kó wá wojú mi?" Ẹ̀gbọ́n mi mi orí. "Àbúrò, ẹni tó bá gbọ́ mi lè fẹ́ràn mi. Ẹni tó bá rí mi á rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí n di ìwọ̀nba tí mo ní mú."

Inú bí mi. Mo sọ fún un pé iwin inú ìtàn sàn jù ú lọ, ìyẹn tiẹ̀ láyà láti jí ọmọbìnrin gbé. Ó da omi ẹsẹ̀ rẹ̀ nù, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ rédíò kò ní abẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀yìn aṣọ nínípọn tí wọ́n ta sára ògiri kí ariwo má bàa wọlé ni Ọ̀gá fi ẹ̀gbọ́n mi pamọ́ sí, òun àti bàsíà rẹ̀ àti makirofóònù tirẹ̀. Èmi ni mo rọ omi. Arẹwà wọlé pẹ̀lú kóòtù àti ìbòjú.

"Rédíò ni o," ọ̀gá rédíò sọ fún un. "Ta ló fẹ́ rí ọ?"

Arẹwà fọwọ́ kan ọ̀fun.

Eré bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ tààrà sétí àwọn èèyàn nínú ilé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹsẹ̀ nínú bàsíà, omi dún, ọ̀gá rédíò sì fò sókè nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń sọ sí mi létí pé, "Adágún yẹn dùn gan-an! Ta ló ronú kàn án?" Mo ní àwọn àgbà ẹgbẹ́ ni.

Lórí pèpéle, bí ọmọbìnrin náà bá ti ṣí ìbòjú iwin, orin á dúró, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ọ̀gá rédíò kò gbà. Ó ní bí rédíò bá dákẹ́, àwọn èèyàn á rò pé iná ti lọ, kí iwin máa kọrin rẹ̀ lọ. Gbogbo wa gbà, kò sí ẹni tó ro ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ohun tí Olórin ní láti ṣe ò ju kó sọ pé òun ti ṣí ìbòjú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òṣèré kò mọ rédíò. Bó ti sọ ọ́ ló nawọ́, ó sì já ìbòjú náà gbà lójú Arẹwà.

Orin ń lọ. Ohùn náà kún gbogbo yàrá. Arẹwà sì dúró síbẹ̀, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù.

Olórin wo ẹnu náà títí. Lẹ́yìn náà ló yíjú, ó tẹ̀ lé ohùn, ó sì fa aṣọ ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé ibi tó dunni jù nínú orin náà, ó di ojú, irun ojú rẹ̀ méjèèjì ń jà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú omi. Mo gbàdúrà kí Olórin má rẹ́rìn-ín. Ó ṣe é. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, kò ṣeé kó.

Ẹ̀gbọ́n mi lajú. Orin gé. Rédíò dákẹ́ rọ́rọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan jáde nínú omi, ó ń fọwọ́ wá bàtà rẹ̀ nílẹ̀, mo sì mọ̀ pé bó bá fi lè jáde ní yàrá yẹn, kò tún ní kọrin mọ́ láyé.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ gbọ́ ìṣó bàtà mi?" Olórin bi í.

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Irun ojú rẹ̀ bá orí náà mì, ìyẹn ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Olórin di ikùn mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ẹ̀rín ń pa mí, mi ò lè purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní kẹ́ ẹ dákẹ́ o. Ojú mi ló ń rẹ́rìn-ín. Etí mi ń dúró dè yín."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Kò sí ẹni tó tíì rẹ́rìn-ín báyìí kó sì tún dúró gbọ́ ọ rí. Ó dá ẹsẹ̀ padà sínú omi, ó sì mú orin náà láti ibi tó ti gé. Olórin gbè é, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò sì ṣi ohùn lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn olùgbọ́ ní àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí, níbi tí iwin ti mú ọmọbìnrin rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ kan tiẹ̀ ti jí eré náà ṣe, bàsíà wọn tóbi ju tiwa lọ. Arẹwà ń bá ẹnì kan tó ń ta kóòtù ya fọ́tò fún ìpolówó báyìí, iṣẹ́ tí kò ti ní sọ̀rọ̀. Olórin kò gba òrùka rẹ̀, ti ẹlòmíràn ló gbà. Orí pèpéle ni ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń kọrin. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, á jẹ́ kí wọ́n rín in tán, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń ran apá kóòtù náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ arò ìyá wa níbi tó jókòó sí. Mo ní ojú ò ní tì mí ju Olórin ìyàwó rẹ̀ lọ, mo gbé ojú kúrò lórí abẹ́rẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni mo tó wò ó dáadáa: irun ojú tó gòkè yẹn, imú tó kọrí sọ́tùn-ún. Ojú ìyá wa ni. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, inú ilé yìí ló wà, èmi ni mi ò gbójú sókè.